Ẹ́ńjìnnì Tí Kúmù Pa Lẹ́nu Mọ́

Ọkọ̀ akẹ́rù wa máa ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Tí Radisav ọkọ mi bá ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ òkè, kí ajá tó gbọ́ ni mo ti máa ń gbé omi kọfí kaná, torí ẹ́ńjìnnì náà ń dún ta-ta-ta-ta bí ẹni tó ń fi òkúta fọ́ àsálà. Gbogbo abúlé ló fi ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́. "Radisav, àsálà yẹn ò tíì tán ni?" Ọkọ mi kì í pariwo mọ́ èèyàn. Oyin ló ń sìn láti kékeré, aláriwo kì í sì í pẹ́ nídìí oyin. Àmọ́ bí wọ́n bá ti fi ọkọ̀ náà ṣe ẹlẹ́yà, ojú rẹ̀ á pọ́n, oúnjẹ ò ní lọ dáadáa lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde ni Kúmù Obrad ní òun máa bá wa pa á lẹ́nu mọ́.

Obrad ló dúró tì wá níwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. Òun ló gbé Senka ọmọ wa lọ́wọ́ nígbà tí àlùfáà ń rì í bọmi. Bàbá rẹ̀ ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún bàbá Radisav, bàbá bàbá rẹ̀ ló ṣe é fún bàbá bàbá Radisav. Kúmù nìyẹn. Àwọn èèyàn wa ní Ọlọ́run ló wà lókè, kúmù ló wà nílẹ̀. O lè bá ọmọ ìyá rẹ dé kóòtù lórí igi plọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, kò sẹ́ni tó máa bá ọ wí. Àmọ́ tí o bá dójú ti kúmù rẹ, kí o yáa wá abúlé mìíràn lọ. Kúmù kì í ṣe kùmọ̀ o, ṣùgbọ́n èmi Persida ti rí i pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe sórí èèyàn nígbà mìíràn.

Obrad mọ nǹkan díẹ̀ nípa ọkọ̀. Ó ti bá wọn tún bọ́ọ̀sì ṣe rí, nígbà tí irun wà lórí rẹ̀. Ó gbé ìgò rakíyà, ọtí plọ́ọ̀mù tó fúnra rẹ̀ pọn, ka orí bọ́ńpà. Ó ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì. Fáàfù ni àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí sínú, tó fi ń mí síta, àlàfo tín-ín-rín kan sì máa ń wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Inú àlàfo yẹn ni ta-ta-ta ti ń wá. Obrad mú sípánà, ó fún ìdè orí wọn le títí àlàfo fi tán pátápátá. Ó ní kí Radisav tan án. Ẹ́ńjìnnì náà dákẹ́ lọ, ó kàn ń kùn ní jẹ́jẹ́.

"Ẹ gbọ́ ọ?" Obrad na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni pé wọ́n fẹ́ dé e ládé. "Mo bá àsálà níbẹ̀, ológbò ni mo fi sílẹ̀."

Inú ọkọ mi dùn bí ọmọdé. A mu rakíyà náà tán, mo din ẹyin, mo gbé wàràkàṣì sílẹ̀, Obrad kọrin dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.

Gáàsì la fi ń wa ọkọ̀ náà, bíi ti gbogbo ará ibí, torí epo bẹntiróòlù ti kọjá agbára wa. Gáàsì máa ń gbóná nínú ẹ́ńjìnnì ju epo lọ. Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó rò ó nínú wa.

Bagrem, igi olódòdó funfun tí oyin fẹ́ràn jù, ń rúwé bọ̀ nígbà tí ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń gbọ̀n níbi tó dúró sí. Lẹ́yìn náà kò fẹ́ gun òkè ilé ìjọsìn mọ́. Ìgbà tó yá, pẹ̀lú pé kò sí ẹrù kankan lẹ́yìn rẹ̀, ó dúró sójú títì bí màlúù tó kọ ọjà, Radisav ní láti wà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ padà wálé, gbogbo ọmọ ilé ìwé ń wò ó.

Bí kì í bá ṣe àsìkò bagrem ni, à bá máa fẹsẹ̀ rìn, kò séwu. Àmọ́ igi yẹn kì í tan òdòdó rẹ̀ pẹ́. Ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ ni nínú oṣù karùn-ún, oyin tó bá sì tara rẹ̀ wá ló ń bọ́ ilé wa di ọdún kejì. Lọ́dún tó kọjá, òtútù pa òdòdó náà kó tó là. Ṣúgà la fi bọ́ àwọn oyin títí ìrì-dídì fi yọ́, àwa fúnra wa ń mu tíì aláìní ṣúgà. Ọkùnrin kan ní ìlú Požarevac ti ń fẹ́ ra àwọn àpótí oyin wa tipẹ́. Radisav ti bá a ṣàdéhùn: "Bí bagrem ọdún yìí bá tún já wa kulẹ̀, wá kó gbogbo rẹ̀." Àwọn àpótí tí bàbá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kàn wà níbẹ̀. Ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kò ju èyí lọ: ká gbé oyin wa dé igbó bagrem tó wà lórí iyanrìn ẹ̀bá odò Dánúbì kí òdòdó tó re, tàbí ká di olóyin àná. Ọkọ̀ ẹlòmíràn ńkọ́? Lásìkò bagrem, ọkọ̀ tí kò tíì ní ẹni tó háyà rẹ̀ ti bàjẹ́ ni.

Obrad wá wò ó. Ó tú ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mi orí bíi dókítà níbùsùn ẹni tó ti kú.

"Kọmpurẹ́ṣọ̀n ti lọ, kúmù mi."

Kọmpurẹ́ṣọ̀n ni èémí tí ẹ́ńjìnnì ń dì mú sínú kó tó fi ìbínú tú u síta. Bí kò bá lè dì í mú, irin lásán ni.

"Kí ló gbé e lọ?" ni mo bi í.

"Rìngì. Rìngì ara písítìn ti jẹ tán. Ogbó ni, Persida, kò sí oògùn ogbó. Ẹ́ńjìnnì mìíràn la máa wá. Mo mọ ẹnì kan ní ìlú Bor tó lè bá wa rí i. Ẹ ṣáà ní sùúrù."

"A lè ní sùúrù, kúmù. Bagrem ò mọ sùúrù."

Obrad rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí ọkọ mi. "Tí a bá lè so ẹnu ìyàwó rẹ mọ́ ọkọ̀ yìí, á gun òkè láìní ẹ́ńjìnnì."

Radisav bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

Nígbà tí Obrad lọ tán, mo ní, "Jẹ́ ká pe Bàbá Trailo tó ń tún ọkọ̀ ṣe."

"Kí Trailo wá ṣe kí ni?"

"Kó wá wo ohun tó ń ṣe é."

"Kúmù ti wò ó."

"Kúmù gbóòórùn rẹ̀ ni. Èmi náà lè gbóòórùn ẹ́ńjìnnì, Radisav. Ó ń rùn bí ẹ́ńjìnnì."

"Persida, mo bẹ̀ ọ́." Ó gbé fìlà rẹ̀ sílẹ̀, ó tún gbé e dé. "Ọkùnrin yẹn fọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe lójú gbogbo ayé. Kí ẹlòmíràn wá ṣí i nísinsìnyí, kó wá sọ pé kò dáa? Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó lọ́jọ́ ọdún ẹni mímọ́ ilé wa, tó bá jókòó sórí àga iwájú? Kì í ṣe ìwọ, èmi ni kúmù rẹ̀."

"Oyin ńkọ́?"

Ó lọ sídìí àwọn àpótí rẹ̀, ó jókòó sórí kùkùté, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń wọlé tí wọ́n ń jáde.

Lọ́jọ́ tí Radisav lọ síbi sàráà ogójì ọjọ́ òkú kan ní abúlé kejì, mo lọ bá Bàbá Trailo. Ará Vlach ni, ẹ̀yà kan tó ń gbé láàárín wa, ó ti dàgbà, inú ilé màlúù àtijọ́ tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ fi sílẹ̀ ló ti ń tún ọkọ̀ ṣe, ògiri rẹ̀ ṣì ń rùn bí ìgbẹ́ màlúù. Kò béèrè ohun púpọ̀. Ó so àpò irinṣẹ́ mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀, ó tẹ̀ lé mi.

"Ìyàwó wa, ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn," ló wí fún mi, "tí mo bá ní kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ yí i. Tí mo bá ní ó tó, ó tó. Ẹ má ṣe tèmi bí ẹ ṣe ń ṣe ti ọkọ yín."

"Ta ló sọ fún yín bí mo ṣe ń ṣe tọkọ mi?"

"Ẹ̀yin fúnra yín. Mò ń gbọ́ yín dé ilé màlúù mi."

Ó yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò kọ́kọ́ lo irinṣẹ́ kankan; ó fi àtàǹpàkò dí ihò kìíní, ó ní kí n yí kọ́kọ́rọ́. Afẹ́fẹ́ ti àtàǹpàkò rẹ̀ kúrò, ó dún pọ́! Ihò kejì náà dún pọ́. Nígbà tó dí ìkẹta, àtàǹpàkò rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́ síbẹ̀. Ìkẹrin kàn mí díẹ̀, bí aláìsàn. Ó wá mú irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá jáde, ó fi í sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò sì kúrò lójú kan rárá ní ìkẹta.

"Kúmù yín ní kí ló ń ṣe é?"

"Rìngì."

Ó da ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kẹta náà. "Bó bá jẹ́ rìngì ni, ọ́ìlì yìí á bá a dí ojú ibi tó jẹ, agbára rẹ̀ á gòkè díẹ̀. Ẹ yí i." Mo yí i. Abẹ́rẹ́ kò mira. "Ẹ tún yí i." Kò mira síbẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "Kì í ṣe rìngì."

Ó yí ẹ́ńjìnnì náà títí àwọn ilẹ̀kùn ihò kẹta yẹn, tí wọ́n ń pè ní sílíńdà, fi yẹ kó wà ní títì, ó so rọ́bà mọ́ ihò rẹ̀, ó ní kí n máa fi ẹ̀rọ táyà fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀. Òun lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé etí lé ẹnu páìpù èéfín. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pè mí. Mo kúnlẹ̀, mo gbé etí síbẹ̀, mo gbọ́ atẹ́gùn tó ń jáde, sssss, bí ejò nínú koríko gbígbẹ.

"Ibẹ̀ ni èémí rẹ̀ ń gbà lọ. Fáàfù èéfín ti jóná, kò lè pa dé mọ́. Ẹ má ra ẹ́ńjìnnì kankan o! Mo ní òkú ẹ́ńjìnnì irú rẹ̀ nílé, màá yọ fáàfù níbẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń wà lábẹ́ orí ẹ́ńjìnnì nìkan lẹ máa rà, ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń lò lẹ́ẹ̀mejì. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, ọkọ̀ yín á máa rìn kí ilẹ̀ tó ṣú."

Mo fẹ́ dì mọ́ ọn.

Ó ṣí ìdérí, ó fi irin pẹlẹbẹ kan wá àlàfo lórí àwọn fáàfù, kò rí. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ìyàwó wa, ta ló fún ìdè yìí le?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká rọ́bà atẹ́gùn jọ.

"Ọkọ̀ tó ń jẹ gáàsì! Àlàfo tó fẹ̀ ló yẹ ká fi fún un. Fáàfù tó ń pariwo, ara rẹ̀ le; èyí tó bá dákẹ́, iná ló ń jẹ ẹ́. Ta ló pa á lẹ́nu mọ́?" Ó wò mí. "Obrad?"

Bàbá Trailo mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá púlọ́ọ̀gì padà sí ihò wọn.

"Kí lẹ ń ṣe yẹn?"

"Mò ń dì í padà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u! Ẹ ti rí ohun tó ń ṣe é!"

"Mo rí i. Àmọ́ èmi náà ní kúmù, ọmọ mi. Tí ẹnì kan bá lọ tú ohun tí kúmù mi fọwọ́ ara rẹ̀ dì, láìjẹ́ kó mọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn á wọ inú ọmọ àti ọmọ ọmọ. Mi ò ní fi ọwọ́ mi ṣe irú rẹ̀ sí Obrad. Kó fẹnu ara rẹ̀ ní kí n ṣí i. Ọ̀rọ̀ kan péré. Mo ti wà níbẹ̀."

Ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá táyà, mo sunkún. Nígbà tí mo rò pé ẹ́ńjìnnì náà ti kú, mi ò sunkún. Ìgbà tí mo gbọ́ pé ìwòsàn rẹ̀ rọrùn, pé ó wà lẹ́nu ọkùnrin kan ṣoṣo tí a ò gbọ́dọ̀ bá sọ̀rọ̀, ìgbà yẹn lọkàn mi já.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Radisav nígbà tó dé. Mo rò pé á bú mi. Kò bú mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó fọ ọwọ́, ó jẹ ẹ̀wà rẹ̀ tán, ó sì ní, "Màá lọ bá a lọ́la."

Ó lọ. Ó pẹ́ kó tó dé. Mo ti dúró sẹ́nu géètì.

"Kí ló wí?"

"Orúnkún rẹ̀ ń dùn ún."

"Orúnkún ta ni?"

"Ti Obrad. A sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ó ń fi ewé kábéèjì dì í."

"Radisav, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ńkọ́?"

"Ó ti gbé ọtí kalẹ̀, Persida. Ó ní òun ti ránṣẹ́ sí ará Bor yẹn. Ó ń sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀." Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀. "Mo la ẹnu mi. Ọ̀rọ̀ orúnkún ló jáde."

Ẹ̀rín pa mí, lẹ́yìn náà inú bí mi débi pé mo ju ìgbálẹ̀ sínú ọgbà. Lákòókò yẹn bagrem ìsàlẹ̀ àfonífojì ti là. Òórùn rẹ̀ ń wọlé láti ojú fèrèsé, ó dùn bí ohun tí wọ́n fi ń ṣe èèyàn níkà. Àwọn ọkọ̀ olóyin mìíràn ń kọjá níwájú ilé wa lọ sí Dánúbì, wọ́n ń fọn fèrè kí wa, Radisav ń juwọ́ sí wọn. Mi ò rí ọkùnrin tó juwọ́ tìbànújẹ́tìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ní ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ kó ṣẹlẹ̀. Mo lọ bá Obrad fúnra mi nínú ọgbà àjàrà rẹ̀, ó gbé ike oògùn sẹ́yìn, ó ń fọ́n ọn sára ewé.

"Ẹ kú iṣẹ́, kúmù."

"Persida! Ṣé ẹnu yẹn ló gbé ọ gun òkè wá?"

"Òun ni. Kúmù, sílíńdà kẹta ni. Kì í ṣe rìngì. Fáàfù èéfín ló jóná. Àlàfo tí ẹ fún tán ló fà á, torí gáàsì la fi ń wa ọkọ̀ náà. Bàbá Trailo ló wò ó, èmi ni mo pè é, ọkọ mi ò mọ̀. Ó ní òun ò ní tú u àfi tí ẹ̀yin bá ní kí òun tú u. Mo bẹ̀ yín ní orúkọ ọmọ tí ẹ gbé níbi ìrìbọmi. Bagrem ti là."

Oògùn ṣì ń jáde lẹ́nu páìpù ọwọ́ rẹ̀, ó ń tú sílẹ̀, ó ń sọ koríko di aláwọ̀ búlúù. Kò pa á. Mo dúró dè é kó pariwo. Ká ní ó bú mi, ara ìbá tù mí.

"Ṣé Radisav mọ̀ ọ́n nígbà tó wá sílé mi?" ló béèrè.

Mi ò lè purọ́ fún kúmù. "Ó mọ̀ ọ́n."

Ó mi orí lọ, ó mi orí bọ̀, ó sì padà sídìí àjàrà rẹ̀.

Kò wá lọ́jọ́ yẹn. Kò wá lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí mo ti ń ká aṣọ tí mo fẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ Senka ọmọ wa ní ìlú Linz nílẹ̀ òkèèrè sínú báàgì, torí mo ti pinnu pé màá lọ máa fọ abọ́ níbẹ̀, mo gbọ́ ìró alùpùpù. Bàbá Trailo ló ń bọ̀, Obrad sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó na orúnkún tó ń dùn ún síta.

Wọ́n gbé orí ẹ́ńjìnnì náà kúrò. Etí fáàfù kẹta ti fọ́ dànù níbì kan, bí ìgbà tí eku jẹ etí búrẹ́dì. Bàbá Trailo fi í han Obrad. Obrad gbà á, ó yí i lọ́wọ́, ó fi í sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀.

Fáàfù tí Bàbá Trailo mú wá láti ara òkú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n ó ní láti bá ìjókòó rẹ̀ mu kó tó lè di èémí mú. Wọ́n máa ń fi ìpara oníyanrìn sí i létí, wọ́n á fi igi kan tó ní rọ́bà lẹ́nu mú un, wọ́n á sì máa yí igi náà láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, síwá sẹ́yìn, títí ojú irin á fi dán yíká. Bàbá Trailo mú igi náà, ó wo Obrad, ó nà án sí i.

"Ẹ bá mi yí i, ọ̀gá. Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n."

Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Gbogbo wa la mọ̀.

Obrad yí i. Ó yí ti ìkẹta, ó yí ti ìkẹrin, ó yí gbogbo ìyókù, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pọ́n. Ó ti rọ̀ mọ́ ọn bí ẹni tó ń gbàdúrà. Radisav ń gbé irinṣẹ́ fún wọn. Mo gbé kọfí wá, mo gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n da bẹntiróòlù díẹ̀ sórí àwọn fáàfù láti wò ó bóyá á jò, kò jò. Wọ́n fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, wọ́n dá orí rẹ̀ padà. Ẹ́ńjìnnì ti tutù, Bàbá Trailo wá fi irin pẹlẹbẹ rẹ̀ wọn àlàfo lórí fáàfù kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ kó fẹ̀.

Ní ọ̀sán yẹn, ojú ọ̀run ṣú láti ìhà Dánúbì. A rí mànàmáná lọ́ọ̀ọ́kán. Ó ń sán níbi tó jìnnà, òjò kan kò kán síbi tí a wà. Radisav wo ọ̀hún lẹ́ẹ̀kan, kò wò ó mọ́.

Ó tan án. Ta-ta-ta-ta. Àsálà ti dé. Mo pàtẹ́wọ́, mo pariwo, mo sáré wọlé lọ gbé rakíyà. Nígbà tí mo jáde, Obrad ti wọ ẹ̀wù rẹ̀.

"Kúmù, ẹ jókòó," ni Radisav wí. "Ẹ jọ̀ọ́. Ìgò ti ṣí."

"Ẹ lọ di oyin yín," ni Obrad fèsì. "Orúnkún mi ò gbà kí n jókòó."

Ó tiro jáde ní géètì. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yẹn ní ìyàwó, mi ò rí i kí kúmù jáde níbẹ̀ láìfẹnu kan ọtí.

Nígbà tí àwọn oyin ti wọlé sùn, a dí ẹnu àpótí wọn, a tò wọ́n sẹ́yìn ọkọ̀, a gbéra. Ọkọ̀ gun òkè ilé ìjọsìn bí ewúrẹ́. Radisav fọwọ́ lu sítíárìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ nígbà tí a dé orí iyanrìn.

Mo kọ́kọ́ rò pé ìrì-dídì ló wà nílẹ̀. Ó funfun lọ láàárín àwọn igi, ó bo ojú ọ̀nà, ó bo koríko, táyà wa ń tẹ̀ ẹ́ láìdún. Mo wòkè. Àwọn igi bagrem dúró ní aláwọ̀ ewé ṣákálá, kò sí òdòdó kan tó ṣẹ́ kù lórí wọn. Àwọn òdòdó náà ló wà nílẹ̀ yẹn, ìjì ọ̀sán àná ti gbọ̀n wọ́n dànù. Ọkùnrin olóyin kan ń kó àpótí tirẹ̀ sórí ọkọ̀.

"Ẹ ò gbọ́ ni?" ló wí. "Lánàá ni. Yìnyín tó tó ẹyin ẹyẹlé. Àmọ́ a ti kó oyin tiwa kó tó dé, a dúpẹ́. Ẹ̀yin ì bá ti wá lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn."

Radisav ṣí ẹnu àwọn àpótí síbẹ̀síbẹ̀. Àwọn oyin jáde, wọ́n fò lọ sókè igi, wọ́n yípo, wọ́n padà wálé lófìfo. Ọkọ mi ń wò wọ́n. Kò pa ẹ́ńjìnnì. Ó ń dún ta-ta-ta-ta lẹ́yìn wa láàárín igbó, kò sí ọkọ̀ tó dún dáadáa tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo agbègbè yẹn.

Fóònù rẹ̀ dún. Obrad ni. Radisav tẹ̀ ẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde sí gbangba, kí òun lè di àpótí kan mú.

"Kúmù mi," ni ohùn Obrad wí. "Ṣé ẹ ti dé?"

"A ti dé, kúmù."

"Ọkọ̀ ńkọ́?"

Radisav na fóònù náà sí ẹ́ńjìnnì. Ta-ta-ta-ta. Ó jẹ́ kó gbọ́ ọ dáadáa, ó gbé e padà sẹ́nu.

"Ó ń sọ̀rọ̀," ni Obrad wí. "Bagrem ńkọ́, kúmù? Ṣé ẹ bá a?"

Mo na ọwọ́ láti já fóònù náà gbà. Mo fẹ́ kó mọ̀. Mo fẹ́ sọ fún un pé ọjọ́ méjì tó fi ń wo àjàrà rẹ̀, pé orúnkún rẹ̀, pé kábéèjì rẹ̀, àwọn ló jẹ oyin wa. Ọkọ mi wò mí. Ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí bí ojú ọmọdé. Ẹnu mi tí gbogbo abúlé ń bẹ̀rù, ó kọ̀, kò là.

"A bá a, kúmù," ni Radisav wí. Ó wo ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. "Gbogbo ibí ló funfun báláú. Mi ò rí irú rẹ̀ rí."

"Ọlọ́run ṣeun o." Mo gbọ́ bí Obrad ṣe mí kanlẹ̀. "Ọlọ́run ṣeun. Mi ò sùn rárá."

"Ẹ lọ sùn, kúmù."

Ó pa fóònù. Ó nawọ́ wọ inú ọkọ̀, ó pa ẹ́ńjìnnì náà pẹ̀lú, gbogbo igbó sì dákẹ́.

"Pe ará Požarevac yẹn," ló wí fún mi.

Mo pè é.